"Alágbéró" kẹ̀? Ẹ dúró ná sà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo ka ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wa kọ lánàá, pé ète 17 tí àwọn UN (Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé) gbé kalẹ̀ ní 2015, tí gbèdéke rẹ̀ jẹ́ 2030, ìyẹn "sustainable development", ká máa pè é ní "ìdàgbàsókè alágbéró". Ẹ má bínú sà, ọmọ yín ni mí, àmọ́ kí ni "alá-" ń wá níbẹ̀? Agbéró fúnra ẹ̀ ti jẹ́ ẹni tó ń gbé nǹkan ró, ẹ tún wá fi oní (òun náà ló di "alá-") sí i lórí, ṣé ìdàgbàsókè tó ní agbéró tiẹ̀ la wá ń wí ni? Kéèyàn tún ṣi ohùn mú díẹ̀ báyìí, agbèrò ló dé yẹn, àwọn tó ń pe èrò sí mọ́tò ní Iwo Road.

Ẹni tó fèsì pé ká lo "atọ́jọ́" dípò rẹ̀ sún mọ́ ọn, àmọ́ kò tíì débẹ̀. Ògiri tí wọ́n mọ sójú ọ̀nà omi náà ń tọ́jọ́, ẹ bi ọmọ Ìbàdàn tó rí omíyalé odò Ògùnpa ní 1980. Ohun tí ìgbìmọ̀ Brundtland, ìgbìmọ̀ UN lórí àyíká àti ìdàgbàsókè, sọ ní 1987 ni pé ká lo tiwa láì dí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́ tiwọn. Àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu mọ ìyẹn, ẹ̀bù ni, iṣu tó fi pamọ́ láti gbìn. Bó ti wù kí ebi pa á tó, kì í se ẹ̀bù jẹ. Èmi wá dábàá "ìdàgbàsókè afẹ̀bùsílẹ̀", ẹ má sì wá sọ pé fi sílẹ̀ ni kọ̀ sílẹ̀ o, bàbá tó fogún sílẹ̀ fọ́mọ ńkọ́?

Àti ẹni tó kọ "eto ilo ile" láìfi àmì kankan sí i, ilé ni mo kọ́kọ́ kà á sí, àṣé ètò ìlò ilẹ̀ ló ń wí! Ìyá àgbà tó tọ́ mi ò mọ̀wé, àkùrọ̀, ilẹ̀ ọlọ́rinrin etí odò, ló ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó tó di 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ kó ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Oko etílé, oko egàn, igbó orò, àkùrọ̀, orúkọ tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ ti sọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, kò sẹ́ni tó ń kọ́lé sí àkùrọ̀ nígbà yẹn, kò sì sí tóń-pílánnì tó ń fi ọ̀dà pupa kọ X sára ilé ẹnikẹ́ni. Ọmọ ìsinyìí gbọ́ àkùrọ̀, ó rò pé orúkọ àdúgbò ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ṣì ń retí èsì lórí "alá-" yẹn o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ òyìnbó dá mi lóhùn bíi tìjọ́sí.