Ẹ má pè é ní “wárápá aboyún”

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àpérò o. Olùkọ́ wa láti Ọ̀fà ní kí a máa pe eclampsia, gìrì tó ń mú aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, ní “wárápá aboyún”, kí pre-eclampsia, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún tó lè fa gìrì náà, sì jẹ́ “ìṣáájú wárápá aboyún”. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn aboyún ni wọ́n ń túmọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà, ṣùgbọ́n n ò lè dákẹ́ sí èyí. “Ẹ̀jẹ̀ ríru afàgìrì” ni mo ní kí a máa pe pre-eclampsia.

Wárápá lórúkọ nílé wa, orúkọ náà ò sì dára. Ẹ wí i létí ìyá ọkọ kan ní Pàkátà pé wárápá fẹ́ mú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ilé àáfà ni yóò kọ́kọ́ gbé e lọ gba hàǹtú. Lẹ́yìn náà ni yóò máa wádìí ìdílé ọmọ ọlọ́mọ. Bẹ́ẹ̀, ọmọ yẹn lè má ní wárápá rí láyé rẹ̀. Oyún ló fà á. Gìrì ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní gìrì ọmọdé nìkan ló wà, kí ni ara ọmọdé ń ṣe nínú gìrì tí ara aboyún kì í ṣe? Ojú á yí, eyín á wà pa, tọwọ́ tẹsẹ̀ á gan.

“Ìṣáájú” yẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Ìṣáájú wo? Ẹ̀jẹ̀ ríru ni nǹkan tí a kọ́kọ́ ń rí. Aboyún á wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, á jókòó, á gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀. A ó wé aṣọ ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá, a ó fẹ́ ẹ, a ó wá máa tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbì àkọ́kọ́ tí etí gbọ́ nínú ohun èlò tí a fi ń gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ ni nọ́ḿbà òkè. Ibi tí gbì ti pòórá ni ti ìsàlẹ̀. 150 lórí 100! Ara rẹ̀ ò sì sọ nǹkan kan fún un. Bí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, tí ẹ̀jẹ̀ tí kò ga tẹ́lẹ̀ wá dé 140 lórí 90, tí a tún wọ̀n ọ́n tí kò yí padà, tí purotéènì sì wà nínú ìtọ̀, ó ti dé nìyẹn. Ìdí tí mo fi ní “ẹ̀jẹ̀ ríru afàgìrì” nìyí: ẹni tó gbọ́ ọ mọ ohun tó yẹ kó lọ wọ̀n.

Ríru, ẹ jọ̀ọ́, ohùn àárín ló parí ẹ̀! Ẹnì kan kọ “rírú” síbí níjẹta. Ẹbọ là ń rú, ẹrù là ń rù; òkun ló ń ru.

Ìyá ìyá mi gbẹ̀bí ní Òmù-Àrán. Àtàǹpàkò ló fi ń tẹ ojúgun aboyún. Tí ojú bá wú, tí orí ń fọ́, tí aboyún ní òun ò ríran dáadáa, á ní kí wọ́n gbé e lọ ọsibítù kíá. “Tibi-tire” ni àdúrà wọn. Ẹ gbọ́ “tibi” yẹn dáadáa: ọ̀dọ̀ ibi ọmọ ni àìsàn yìí ti ń ṣẹ̀. Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ń dènà gìrì, ṣùgbọ́n bí ibi ò bá tíì bọ́, kò tíì tán. Kódà gìrì lè mú abiyamọ lẹ́yìn ìbí, nítorí náà a kì í dáwọ́ wíwọ̀n dúró.

Ti “ìfúnpá” tí Bàbá wa n'Ílọrin ń jà fún gẹ́gẹ́ bí orúkọ blood pressure, n ò tíì gbà. Oògùn tí ọdẹ ń so mọ́ apá ni mo mọ̀ sí ìfúnpá. Bípì ni àwọn aboyún ń pè é lọ́dọ̀ wa, ó sì yé wọn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju “afàgìrì” lọ, kó mú un wá kí ìwé yẹn tó lọ sílé ìtẹ̀wé.