Òòyà tí n kò mú dání

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ lọ kàwé lókè òkun, òtútù lẹ ń ròyìn. Tèmi, oòrùn ni. Tucson ni mo ti kàwé, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, inú aṣálẹ̀ Sonora gan-an. Ọmọ Mọ́kọ́lá sì ni mí o. Ẹranko ìgbẹ́ tí mo mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n há mọ́ àgò lọ́gbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la tí kíláàsì wa máa lọ ṣiṣẹ́ nínú aṣálẹ̀ náà, olùkọ́ wa ní kí kálukú mú omi lítà 4, fìlà àti òòyà. Òòyà kẹ̀? Èmi tí mo gé irun mọ́lẹ̀ kodoro! N kò mú un.

Ìdájí la gbéra, torí oṣù kẹfà ni, ooru ibẹ̀ sì máa ń ju 40 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iṣẹ́ wa ni ká máa ka saguaro, ká sì máa wọn gíga wọn. Ẹ ṣáà rántí orọ́, kí ẹ wá ní kó ga tó mítà 12, kó nawọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n na ìbọn sí. Ó lè tó ọdún 75 kó tó yọ apá àkọ́kọ́. Èyí tí mo ń wọ̀n ní apá 4. Ó ju bàbá mi lọ dáadáa. Díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ihò wà lára rẹ̀ lókè. Ẹyẹ àkókó ló ń gbẹ́ ẹ, igi náà á wá dí ojú egbò náà pa, á le koko, kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ. Bí àkókó bá kó jáde, òwìwí kan tí kò ju ológoṣẹ́ lọ á kó wọlé. Kò san owó ilé, kò san ti lọ́yà, kò san ti ajẹ́ǹtì. Ẹni tó bá ti wá ilé ní Bódìjà rí, kó bá mi rò ó wò.

Ibi tí mo ti gbójú sókè ń wá òwìwí ni ojúgun mi ti gbá cholla. Orọ́ kúkúrú lòun, ó rí múlọ́múlọ́ bí òwú látòkèèrè. Wọ́n ní ó máa ń fò mọ́ èèyàn. Irọ́ ni, kì í fò. Bí o bá ṣèèṣì kàn án pẹ́nrẹ́n ni oríkèé rẹ̀ kan á já tẹ̀ lé ọ. Mo fọwọ́ fà á. Ó di ọwọ́ náà mú! Ẹnu ẹ̀gún rẹ̀ ní ìkọ́ wínníwínní bí ìwọ̀ ẹja. Mo pe ìyá mi lóhùn rara, nínú aṣálẹ̀ òyìnbó.

Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa fa òòyà yọ lápò, ó tì í bọ abẹ́ oríkèé náà, ó ta á dànù: fìrì! Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wo orí mi tí kò nírun, ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí à ń padà, mo gbọ́ ṣaworo. Mo ní ta ló gbé ìyáàlù wá síbí? Ejò ni, ṣóńṣó ìrù rẹ̀ ló ń mì. A dúró gbọnin, a wá ń fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ títí a fi kúrò lójú rẹ̀.

Mo ròyìn fún ìyá mi lórí WhatsApp lálẹ́. Nígbà tí ẹnìkan ń bọ̀ láti Ìbàdàn, wọ́n fi òòyà onígi eléyín gbọ̀ngbọ̀n ránṣẹ́ sí mi, Ọjà Ọba ni wọ́n ti rà á. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gún méjì há sí i láàárín eyín, n kò sì tíì yọ wọ́n.