Nínú bọ́ọ̀lù agbọ̀n, sẹ́ńtà (agbábọ́ọ̀lù gíga tó ń dúró sábẹ́ agbọ̀n) tí ẹsẹ̀ ń dùn, ṣé ẹ ti rí i kó yí ìdíje padà rí?

Ọmọ Ìtòkú: Ẹ káalẹ́ o. Ẹni bá ti rí i tàbí tó ti ṣe é rí, kó wá sọ tiẹ̀. Èmi gbà pé ó ṣeé ṣe. Lọ́dún 1970, iṣan itan Willis Reed, sẹ́ńtà Knicks ti New York, ti ya, ó ń tiro wọ kóòtù fún eré keje, tó kẹ́yìn, nínú àṣekágbá NBA (líìgì Amẹ́ríkà) pẹ̀lú Lakers ti Los Angeles. Bọ́ọ̀lù méjì àkọ́kọ́ tó jù, méjèèjì wọlé. Knicks gba ife.

Bọ́ọ̀dá Aṣerò: Póìntì mẹ́rin péré ló rí lálẹ́ ọjọ́ náà! Walt Frazier, tí wọ́n jọ wà ní Knicks, ló ju 36. Ẹni tó ṣiṣẹ́ lẹ ò dárúkọ.

Ọmọ Ìtòkú: Àyà Lakers ti já kí Frazier tó bẹ̀rẹ̀.

Sẹ́ńtà Àná: Èmi náà ti ṣe bíi Reed rí, ní Kútọ̀ níbí. Kókósẹ̀ mi wú, bàtà mi ò gbà á mọ́, ni mo bá yọ́ bàtà ẹ̀gbọ́n mi gbé, mo fi aṣọ wé ẹsẹ̀ kó lè kún un. Kóòṣì ní kí n ṣáà dúró sábẹ́ agbọ̀n, kí n nawọ́ sókè. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tá a jọ ń gbá a bẹ̀rù mi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìgbà tí wọ́n rí i pé mi ò lè fò, wọ́n sọ ọ̀dọ̀ mi di ojú títì Lafẹnwá. Wọ́n fi póìntì 18 nà wá.

Pánṣẹ́kẹ́ lèmi wà: Bàtà ẹ̀gbọ́n 😂😂

Ìyá Ìbejì: Ọlọ́run má jẹ́ kí n pàdé kóòṣì yẹn. Ọmọ ọlọ́mọ!

Sẹ́ńtà Àná: Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo purọ́ fún un pé kò dùn mọ́.

Ìyá Ìbejì: Ìwọ gan-an ni ǹ bá nà nígbà náà.

Bọ́ọ̀dá Aṣerò: Ẹ ò rí i? Lọ́dún 2024, Embiid, sẹ́ńtà Philadelphia, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lórúnkún ju 50 lé Knicks lórí ní eré kẹta. Philadelphia ṣì jáde nínú ìdíje, 4-2 (ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ló ń lọ síwájú). Lọ́dún 1980, Kareem, sẹ́ńtà Lakers, ò tiẹ̀ bá wọn lọ sí eré kẹfà àṣekágbá nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Magic Johnson, ọmọ 20 ọdún, bọ́ sípò sẹ́ńtà, ó ju 42, wọ́n gba ife.

Ọmọ Ìtòkú: Ẹ̀gbọ́n, ẹ fo eré karùn-ún. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ Kareem ti yí, ó padà wọlé, ó parí ẹ̀ pẹ̀lú 40. Ta ló wá sọ ọ́ di 3-2 fún Lakers?

Pánṣẹ́kẹ́ lèmi wà: Bọ́ọ̀dá Aṣerò ti dákẹ́ o.

Bọ́ọ̀dá Aṣerò: Iná ló lọ, jọ̀ọ́. Magic kì í sì í ṣe sẹ́ńtà, bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ ló kàn fò fún, gbogbo àyè ló gbá.

Ọmọ Ìtòkú: Ṣebí ẹ̀yin lẹ pè é ní sẹ́ńtà!

Ìyá Ìbejì: Ẹlẹ́sẹ̀ wíwú, o ti dá bàtà náà padà?

Sẹ́ńtà Àná: Ó ti ya, mà.