Ẹ gbà mí o: gbèsè ilẹ̀ etíkun ìgbafẹ́ wa. Ṣé ìjọba lè fi jin àwa ọmọ onílẹ̀?

Ọmọ Etíkun: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà inú gúrúùpù yìí. N kì í fẹ́ máa gbé ọ̀rọ̀ ẹbí wa síta, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi láyà, oorun ò sì kùn mí mọ́ látìgbà tí lẹ́tà gbèsè tí ìjọba kọ sí wa ti dé.

Ọmọ Ìbẹ̀jú-Lekki ni wá. Ní etíkun yẹn ni bàbá bàbá mi ti ń da àwọ̀n, ibẹ̀ náà ni ìyá bàbá mi ti ń yan ẹja. Ìjọba dé, wọ́n ní ilẹ̀ ìjọba ni. Ẹbí pariwo títí, wọ́n wá gé apá kan fún wa padà, líìsì ni wọ́n pè é. Wọ́n ní ìgbafẹ́ nìkan ni ká máa fi ṣe: ká pa àtíbàbà, ká tẹ́ àga, ká máa gba owó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó bá wá ṣeré. Ilẹ̀ baba wa ni wọ́n fi yá wa!

Ẹ wá wo igi àgbọn tí bàbá mi gbìn. Omi ti gbá iyanrìn ìdí wọn lọ, gbòǹgbò ti ń fì láìkan ilẹ̀, bí ìjì bá tún jà lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á wó. Ọdọọdún ni òkun ń jẹ ilẹ̀ náà, owó ilẹ̀ ò dín rí. Nígbà kòrónà ní 2020 tí ìjọba fúnra wọn ní kí ẹnikẹ́ni má wá sétíkun, owó ilẹ̀ ṣì ń gorí ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London, ẹ pè é, á ní òun wà níbi iṣẹ́. Àbúrò bàbá wa tó jẹ́ olórí ẹbí ti gbogbo ìwé mọ́ inú àpótí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ta la lè kọ̀wé sí kí wọ́n fi gbèsè yìí jì wá, nítorí pé ọmọ bíbí ibẹ̀ ni wá?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èló ni gbèsè náà? Ṣé ground rent, owó ilẹ̀ ọdọọdún, ni àbí Land Use Charge, owó orí ilé àti ilẹ̀ l'Ékòó? Orúkọ ta ló wà lórí ìwé?

Àgbà Àgbádárìgì: Ó ṣe mí bákan bí mo ṣe ń kà á. Lọ́dọ̀ tiwa níbí náà, ọ̀sà lápá kan, òkun lápá kejì, àwa la wà láàárín. Bàbá mi ní ibùdó ìgbafẹ́ kékeré kan. Ìpínlẹ̀ á wá gba tiwọn, àwọn tó ń mójú tó ojú omi fún ìjọba àpapọ̀ náà á wá gba tiwọn. Bàbá ń san fún àwọn méjèèjì títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mi ò tíì gbàgbé báwọn rìsíìtì yẹn ṣe pọ̀ tó.

Ayálégbé Ajah: Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀ tẹ́ ẹ ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún èmi àti ẹlòmíì, tẹ́ ẹ tún gba owó ìpìlẹ̀, tẹ́ ẹ gba owó orùlé, ẹ̀yin náà lẹ wá ń bẹ̀bẹ̀ ìdáríjì gbèsè? Ẹ san owó ìjọba jàre.

Ìyá Ìbejì: Ẹni tó ta ilẹ̀ fún yín lẹ́ẹ̀mejì kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ níbí o. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ọmọ Etíkun: Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ayálégbé, a ò ta ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Owó náà lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 7 náírà. Ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ owó ìtanràn. Ṣé ó yẹ kí ọmọ onílẹ̀ san owó ìtanràn lórí ilẹ̀ baba rẹ̀?

Àbíkẹ́ Amẹ́ríkà: Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Ní Hawaii, òfin kan wà láti 1921 tó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Líìsì ọdún 99 ni, dọ́là 1 péré ni wọ́n ń san lọ́dún. Ìjọba tiwa náà lè ṣe é!

Àgbà Àgbádárìgì: Àǹtí, ilé gbígbé àti oko ni ti Hawaii yẹn. Ẹni tí kò bá ní ìdajì ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ò lè gbà á lọ́wọ́ ìjọba, ọ̀pọ̀ ló sì kú sẹ́nu ìdúró. Ìbẹ̀jú là ń sọ.

Lọ́yà Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kú ìrọ́jú. Òfin ilẹ̀ 1978 kò ní ìdáríjì kankan fún ẹnikẹ́ni nítorí pé ọmọ ìlú ni. Ṣùgbọ́n abala 17 fún Gómìnà láṣẹ láti fúnni nílẹ̀ láìgba owó ọdọọdún, tàbí kó dín in kù, bó bá rí i pé ire aráàlú wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ Land Use Charge ni, Èkó ti fagi lé owó ìtanràn 2017, 2018 àti 2019 nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2020. Torí náà, ẹ wò ó bóyá àwọn ọdún yẹn ṣì wà nínú ohun tí wọ́n kà sí yín lọ́rùn. Ẹ ya ojúlówó gbèsè sọ́tọ̀, ẹ ya owó ìtanràn sọ́tọ̀. Ẹ bẹ̀bẹ̀ lórí ìtanràn, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ìyá Ìbejì ti béèrè orúkọ orí ìwé, ẹ ò tíì dáhùn.

Bùrọ̀dá Ṣọlá: Ẹ lọ rí Baálẹ̀. Bàbá olórí ẹbí yín ti fẹ̀yìn tì, àbí? Ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì kì í san owó ilẹ̀ l'Ékòó.

Lọ́yà Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ilé tí olówó ìfẹ̀yìntì ń gbé fúnra rẹ̀ ni òfin yọ sílẹ̀, Bùrọ̀dá. Etíkun tí wọ́n ti ń gba owó ẹnu ọ̀nà kò sí nínú ẹ̀.

Bùrọ̀dá Ṣọlá: Síbẹ̀, ẹ lọ rí Baálẹ̀.

Ọmọ Etíkun: Orúkọ ẹbí ló wà lórí ìwé. Èmi fúnra mi ti kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ọ̀la ni mo fẹ́ gbé e lọ. Mo ti ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ síbẹ̀, títí kan ọ̀gá tó ń bá wa lo ibẹ̀ láti 2019, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwa kọ́ là ń jẹ èrè rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀gá wo?

Ọmọ Etíkun: Oníṣòwò kan ni. Ọdún 10 la fún un. Ó san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a fi sin bàbá wa, a pín ìyókù. A ò kúkú ta ilẹ̀. Àwọn tó ń bú wa, ṣé ẹ fẹ́ ká fi òkú bàbá wa sílẹ̀ ni?

Ayálégbé Ajah: Mo ti mọ̀!

Lọ́yà Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ayálégbé, ẹ ní sùúrù. Ọmọ Etíkun, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé lẹ́tà yẹn lọ lọ́la. Ṣé Gómìnà fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó gbé ilẹ̀ náà fún un? Abala 22 ní ẹni tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ò gbọdọ̀ tún un yá ẹlòmíì láìgba àṣẹ Gómìnà. Abala 28 sì sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó fún Gómìnà láti gba ilẹ̀ náà padà. Lórí gbèsè, ẹ lè bẹ̀bẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín kọ ránṣẹ́ yìí lè mú gbogbo ilẹ̀ náà lọ.

Ọmọ Etíkun: Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé a nílò àṣẹ kankan. Ilẹ̀ wa ni.

Lọ́yà Ọmọ Ìjẹ̀bú: Mo gbọ́ yín. Ẹ wá àgírímẹ́ǹtì náà, kẹ́ ẹ wo ẹni tí wọ́n ní kó máa san owó ìjọba.

Àgbà Àgbádárìgì: Ẹ tètè wá a. Látìgbà tí ọ̀nà etíkun tó ń lọ sí Calabar ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wó ibùdó ìgbafẹ́ Landmark ní 2024, kò sí etíkun tọ́kàn onílé ẹ̀ balẹ̀. Bí wọ́n bá ń san owó gbà-má-bínú, ẹni tí ìwé ẹ̀ pé ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ọmọ Etíkun: Ọmọ olórí ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ ya fọ́tò àgírímẹ́ǹtì náà ránṣẹ́ sí mi. Ojú ewé kẹta: "ayálégbé ni yóò máa san gbogbo owó ìjọba." Kò san kọ́bọ̀! Mo ń lọ bá a báyìí.

Lọ́yà Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ má lọ. Bẹ́ ẹ bá bínú lọ, á mọ̀ pé ẹ ò gba àṣẹ, á sì fi ìyẹn ṣe agídí sí yín. Ẹ fi gbogbo ojú ewé ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú lẹ́tà gbèsè náà. Ọjọ́ wo ni wọ́n dá fún yín láti san án?

Ọmọ Etíkun: Ìparí oṣù yìí, sà.

Lọ́yà Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ pè mí lálẹ́ yìí. Kẹ́ ẹ mú olórí ẹbí wá sórí fóònù pẹ̀lú.