"Dì" àti "tú": ọ̀rọ̀ fún fáìlì àwòrán tó wà lórí iyè kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé "kà" àti "kọ" ti tó fún gbogbo ohun tí Pillow, àkójọ irinṣẹ́ Python fún àwòrán, ń ṣe, àti pé kí a pe fáìlì tí kò dé orí dísíìkì ní "fáìlì àfinúrò". Mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Báìtì inú BytesIO, irinṣẹ́ Python tó ń kó báìtì sínú iyè kọ̀ǹpútà bí ẹni pé fáìlì ni, kì í ṣe àfinúrò rárá. Ẹ dà wọ́n sórí dísíìkì, fáìlì àwòrán PNG yẹn gan-an ni ẹ ó rí. "Fáìlì orí iyè" ló tọ́ sí i; iyè yìí ni RAM. Mo yan "iyè" ju "ìrántí" lọ nítorí pé bí iná bá lọ, tí kò sì sí bátìrì, ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ lọ nìyẹn. Iyè kọ̀ǹpútà ra.

Orí "kà" ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Image.open kì í ka àwòrán tán. Ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì nìkan ló ń wò: PNG ní báìtì 8 tí a fi ń dá a mọ̀, JPEG ń fi FF D8 bẹ̀rẹ̀. Ó mú irú fáìlì, ìbú àti gíga, ó dúró. Píksẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹ̀kán àwọ̀ inú àwòrán, ṣì wà ní dídì títí a ó fi pe load(), tàbí tí iṣẹ́ mìíràn bá béèrè wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá sọ fún pé open ti "kà" á ti BytesIO pa kíákíá, load() á sì já sí ValueError.

Aládìrẹ Ìtòkú ò ní ṣi èyí gbọ́: aṣọ tí a fi ìko dì kò gba àyè, ṣùgbọ́n a kì í rí ọnà ara rẹ̀ àfi tí a bá tú u. Fọ́tò 4000 lọ́nà 3000 lè má ju mẹ́gábáìtì mélòó kan lọ ní JPEG. Tí a bá tú u sí RGB (àwọ̀ pupa, ewé àti búlúù), báìtì mílíọ̀nù 48 ni lórí iyè, nítorí Pillow ń fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní 4. Ẹni tó tú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà ti kó mílíọ̀nù 480 lé iyè lórí. Nítorí náà: open ni "ṣí", load ni "tú", save ni "dì".

Lórí dísíìkì, ".png" ìdí orúkọ ló ń sọ irú dídì. Fáìlì orí iyè kò lórúkọ, dandan ni format="PNG". JPEG ò sì lè di RGBA, ìyẹn RGB tó ní ìpele kẹrin tó ń sọ ibi tí ẹ̀yìn ti ń hàn. Ẹ fi convert("RGB") yí i padà ná. Tí ẹ bá fẹ́ kí ibi tí ẹ̀yìn ti ń hàn di funfun, ẹ kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán funfun, torí convert kàn ń ju ìpele yẹn nù ni.

Lẹ́yìn dídì, òpin báìtì ni a wà. Image.open máa ń lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe read() láìkọ́kọ́ pe seek(0), tó ń gbé wa lọ sí báìtì àkọ́kọ́, òfìfo ni yóò bá. getvalue() kò nílò rẹ̀. Gbogbo báìtì ló ń kó jáde. Àwọn kan fẹ́ "padà sí" fún seek, ṣùgbọ́n seek máa ń lọ síwájú pẹ̀lú. "Lọ sí" ló péye.