Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ukulele baritone wo ló tó owó rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olórin. Gìtá ni mo ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mọ́kọ́lá, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ń dùn mí, ni mo bá ń wo ukulele baritone, ohun èlò orin olókùn mẹ́rin tó dà bíi gìtá kékeré. D-G-B-E ni ohùn okùn rẹ̀, bíi okùn mẹ́rin ìsàlẹ̀ gìtá gẹ́lẹ́, ìka mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ nǹkan tuntun.

Mo gbé ti ọ̀rẹ́ mi kan wò. Ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, inú mi dùn gan-an! Àmọ́ ọyẹ́ ti la pákó àyà rẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, lábẹ́ ibi tí okùn so mọ́.

Ṣé kí n ra Kala KA-B, tí pákó rẹ̀ jẹ́ alálẹ̀pọ̀, tàbí kí n fowó kún un fún ojúlówó pákó? Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó n'Ìbàdàn, èwo ló ń pẹ́ lọ́wọ́ yín?