Ìdáhùn: kí ni ká máa pe kọ́ọ̀sì "Use of Library" ní Yorùbá?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ka àbá tí ọ̀gá wa kan mú wá lánàá, pé kọ́ọ̀sì GST (General Studies, ẹ̀kọ́ gbogboogbò) tí wọ́n ń pè ní Use of Library, Study Skills and ICT ní yunifásítì, ká máa pè é ní "Ìwádìí Ilé-Ìkàwé àti Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Ìfitónilétí". Wọ́n gbìyànjú, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn tán.

"Ìwádìí" ló kọ́kọ́ há mi lọ́fun. Ẹni tó ń wádìí ọ̀rọ̀, ìdí rẹ̀ ló ń wá. Kí a tó fi ọmọ fọ́kọ, a máa ń wádìí ìdílé ọkọ. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ọdún kìíní kò tíì dé ibẹ̀ yẹn: bó ṣe máa rí ìwé nínú kátálọ́ọ̀gì ni, bó ṣe máa mọ̀ bóyá ohun tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣeé gbára lé. Ìwádìí gan-an di ìgbà tó bá ń kọ prójẹ́ẹ̀tì. Tí a bá pe wíwá ní ìwádìí, ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ sí Google tó sì da èsì àkọ́kọ́ kọ, á ní òun ti ṣèwádìí. Wọ́n kúkú ti ń sọ bẹ́ẹ̀. A ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ṣebí a lè ní mọ̀ọ́wá náà. "Ìmọ̀ọ́wá Ìwé àti Ìwífún" ni tèmi.

Mo fi "ìwífún" (information) rọ́pò "ìfitónilétí" nítorí pé ìfitónilétí ni èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri pé ìdánwò ti sún síwájú. "Ilé-ìkàwé" ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa kì í fọwọ́ kan ìwé ibẹ̀, nóòtì tiwọn ni wọ́n ń gbé lọ kà, torí náà orúkọ yẹn bá a mu.

Ẹlòmíràn pe "call number", ìyẹn àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé nílé-ìkàwé kí a lè mọ ibi tó wà, ní "nọ́ńbà ìpè". Ta ni ìwé fẹ́ pè? Bí wọ́n ṣe ń to ìwé ní Library of Congress ti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń tẹ̀ lé. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé gírámà Yorùbá kan níbẹ̀, PL 8821 lẹ máa rí lára pépà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. PL ni àdúgbò, tí èdè Ṣáínà àti ti Japan ti ń bá wa gbé, 8821 sì ni ojúlé. Ìwé ìtàn Nàìjíríà kò sí ládùúgbò yẹn rárá, DT 515 ló wà. "Ojúlé ìwé" ni kí a pè é, kò sẹ́ni tí kò ní yé.

Èyí tí mi ò tíì rí ojútùú sí ni "keyword". "Kókó ọ̀rọ̀" tí a ń lò nílé-ẹ̀kọ́ ń tọ́ka sí ohun tí àyọkà dá lé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò sì mọ kókó kankan: ẹ tẹ "owo" láìfi àmì sí i, á kó owó, òwò, ọwọ́, ọwọ̀ àti ìlú Ọ̀wọ̀ wá pọ̀. Ṣé "ọ̀rọ̀ ìwákiri" ni, àbí ẹ ní èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀?